Òkú Tí Wọn Ò Gbé Wọlé

Bí Fatihah bá fẹ́ kí inú bí Kúbúrátù ìyá rẹ̀, kó sáà ti tan fíìmù òkú amùjẹ̀, àwọn òkú tó ń jáde nínú sàréè wá fa ẹ̀jẹ̀ mu lọ́rùn èèyàn.

"Aúsù bílláhì!" ni ìyá rẹ̀ yóò kígbe láti ibi tó ti ń ká aṣọ títà. "Ọmọ mùsùlùmí, eléyìí ló ń dùn mọ́ ọ?"

"Màámi, iṣẹ́ ilé-ìwé ni."

Irọ́ kọ́. Ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ẹ̀dá ló ń kọ́ ní yunifásítì Ìjagun, ìwádìí rẹ̀ sì dá lórí ìdí tí ohun tó yẹ kó lé èèyàn sá fi ń fà á mọ́ra. Àwọn kan lára àwọn tó bi léèrè ní ẹ̀rù tí kò lè pa àwọn ló ń dùn mọ́ àwọn. Àwọn mìíràn ní torí pé àwọn òkú náà kì í darúgbó ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, olùkọ́ ò wá. Fatihah bá wọ ọkọ̀ padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó gbọ́ ohùn fíìmù nínú pálọ̀. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló wà lórí tábìlì, tí òkú amùjẹ̀ kan nínú fíìmù náà dúró lẹ́nu ọ̀nà onílé, tí kò lè wọlé torí pé ẹnikẹ́ni ò tíì pè é.

Kúbúrátù alára dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀. Ó ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

"Haneef, wọlé," ló ń wí. "Èmi ìyá rẹ ni mo pè ọ́. Wọlé, ọmọ mi."

Orí Fatihah wú. Haneef, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ọkọ̀ pa lọ́nà Òdógbólú lọ́dún tó kọjá!

"Màámi! Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Kúbúrátù ta gìrì. Ó ní, "Láti ọsibítù ni wọ́n ti gbé e lọ sin. Wọn ò gbé e wọlé. N ò rí ojú rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ nínú fíìmù rẹ pé àfi kí wọ́n pe òkú kó tó lè wọlé, mo ní bóyá... bóyá a ò pè é ni."

"Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń mu, Màámi!"

"Kó mu ún. Kó mu tèmi."

Nínú gbogbo àwọn tí Fatihah bi léèrè, kò sẹ́ni tó sọ èyí. Ìgbà yẹn ló tó rántí pé òun náà kò wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ rí kí Haneef tó kú. Ó bi gbogbo ayé, kò bi ara rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ kejì, ó mú ìyá rẹ̀ lọ síbi sàréè, níbi tí obìnrin náà kò tíì dé rí. Kúbúrátù wo òkìtì kékeré náà títí.

"Gbogbo gíga Haneef náà nìyí?"

Ó bọ́ bàtà, ó jókòó sórí koríko, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ilé fún Haneef ọmọ rẹ̀, láti orí àgbò tí wọ́n pa níléyá dé orí ìjì tó ṣí páànù ilé kejì.