Ẹṣin Kúkúrú Baálẹ̀ Ṣítù

“Sàníù, èmi ni o fẹ́ gbé gun ewúrẹ́ yìí lọ sí Yìdí lọ́jọ́ Iléyá?”

Ní ojúde rẹ̀, Baálẹ̀ Ṣítù na ọ̀pá sí ẹṣin pupa kékeré kan. Funfun gíga kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbé ọrùn bí ọkọ ìyàwó. Alágbàtà tó kó àwọn méjèèjì wá láti ọ̀nà Ìlọrin ń rẹ́rìn-ín músẹ́; ó ti mọ èyí tí yóò tà.

Ẹ̀rín ò pa Sàníù ní tiẹ̀. Òun ló ń tọ́jú ẹṣin Baálẹ̀ ní abúlé wọn lẹ́bàá Erúnmu, bí bàbá rẹ̀ ti ṣe. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún méjì tí a ti gba òmìnira, ẹṣin gíga méjì ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́, àwọn èèyàn sì ti ń sọ pé ọwọ́ rẹ̀ ò dáa fún ẹran ọ̀sìn. Bí ẹ̀kẹta bá tún kú, iṣẹ́ ìdílé parí nìyẹn!

Ó lóṣòó ti ẹsẹ̀ ẹṣin kékeré náà.

“Bàbá, ẹ fara balẹ̀ wò ó. Àyà rẹ̀ fẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú, kò tẹ̀ láàárín. Ẹ wo eegun ẹsẹ̀ bó ṣe ki, ẹ wo pátákò dúdú tí kò sán. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Inú igbó tiwa níbí ni wọ́n bí i sí, ọ̀nà ni alágbàtà ti rà á. Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.”

“Ẹsẹ̀ mi yóò máa gbálẹ̀, o ń sọ̀rọ̀ pátákò! Ṣebí bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni?”

“Wọn ò dá yín o, Bàbá. Wọ́n kú ni.”

Àwọn ará ilé tó wà ní ojúde yíjú sí wọn. Sàníù dìde dúró.

“Orí itan mi ni ìkejì kú sí. Mo sunkún bí ẹni sin ọmọ. Eṣinṣin igbó wa ló ń pa wọ́n, ẹṣin gíga ará òkè ọ̀hún kò lè fara dà á bíi pupa yìí. Bí ẹ bá ra funfun yìí, ẹ dákun, ẹ wá ẹlòmíràn tí yóò mú okùn rẹ̀. Èmi ò lè sin ẹ̀kẹta.”

Baálẹ̀ fi ọ̀pá kan pátákò pupa náà.

“Ẹ di pupa yẹn ní gàárì.”

Ó gùn ún. Lóòótọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé bo ẹnu. Àjọkẹ́, ìyàwó tó kéré jù, kò lè mú un mọ́ra, ó bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Baálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin náà kò tilẹ̀ mira lábẹ́ rẹ̀. Ó gbé e yí ojúde po, ó sì dúró níwájú Ìyá Hàjàrá, ìyàwó bàbá Baálẹ̀, arúgbó tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ tipẹ́. Ìyá na ọwọ́, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Baálẹ̀.

“Ṣítù, ìwọ náà ti hewú báyìí? Látìgbà tí o ti joyè, bàtà rẹ nìkan ni mò ń rí lórí ẹṣin.”

Baálẹ̀ nu ojú, ó sì yíjú padà.

“Alágbàtà, máa fa funfun rẹ lọ. Sàníù, wá mú ìjánu.”