Omi Inú Ọkọ̀ Ìràwọ̀

Díẹ̀ ló kù kí ẹ̀wù jó mọ́ ọn lọ́wọ́ kí ó tó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lórí rẹ̀. Fóònù ló fà á. Ó ti ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tún ń kà á bí ẹni tó yege nínú ìdánwò tó ti gbàgbé pé òun ṣe.

Olóòtú ìwé ìtàn kan ló kọ ọ́: “A fẹ́ràn ìtàn yín. Àmọ́ ìparí rẹ̀ kò tíì wọni lára. Bí ẹ bá lè fi òmíràn ránṣẹ́ kí aago mẹ́rin òní tó lù, a ó tún gbé e yẹ̀ wò.”

Ọdún mẹ́rin ló ti ń kọ ìtàn nípa ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, nídìí tábìlì ìlọṣọ tó dúró sí yìí náà. Pẹ́ńsù kì í kúrò létí rẹ̀. Ooru omi ti mú kí ìwé rẹ̀ wú bí búrẹ́dì. Ohun tó bá kọ síbẹ̀ láàárọ̀ ni yóò tẹ̀ sínú fóònù nígbà ìsinmi, tòun ti àmì ohùn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọkọ ló ń gbé èèyàn lọ sí ìràwọ̀, kì í ṣe ọkọ̀.

Ọkọ̀ inú ìtàn yìí ń rin ìrìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀gá awakọ̀ ni akọni ìtàn. Bí wọ́n ṣe ń gúnlẹ̀ ló kú. Kí wá ni ìparí tuntun? Ṣé kí ọkọ̀ gbiná ni? Ṣé kí ọ̀gá jí? Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Síbẹ̀ ara rẹ̀ ń yá gágá.

“Kí ló dé tó ò ń rẹ́rìn-ín sí ògiri?” Ìyá Ọṣẹ ló bi í. Àwọn ni àgbà ilé ìfọṣọ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ń wọn ọṣẹ sínú ẹ̀rọ kí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó hu eyín.

“Ìtàn mi ni, mà. Wọ́n fẹ́ gbà á, ó ku ìparí.”

“Kà á kí n gbọ́.”

Ó kà á, ó ń pariwo kí ohùn ẹ̀rọ má baà bo tirẹ̀. Ìyá Ọṣẹ ń ká tówẹ́ẹ̀lì títí ó fi parí.

“Ọgọ́rùn-ún ọdún lójú ọ̀run,” ni wọ́n wí. “Ta ló ń fọ aṣọ wọn?”

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ọṣẹ kò rẹ́rìn-ín.

“Mo ń bi ọ́ ni o. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, ṣé wọn kì í tọ̀ sára ni? Omi wo ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́?”

“Omi kan náà ni, mà. Kò sí òmíràn. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á tún un lò.”

“A jẹ́ pé omi tí wọ́n fi wẹ ìyá ìyá wọn ni wọ́n fi ń wẹ àwọn náà.”

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Orí rẹ̀ wú. Ó na ọwọ́ sí áyọ́ọ̀nù, àmọ́ Ìyá Ọṣẹ ti gbà á.

“Jókòó kọ̀wé. Aṣọ kì í sá.”

Ó jókòó sáàárín àwọn apẹ̀rẹ̀ aṣọ. Ó yọ ọ̀gá awakọ̀ kúrò pátá. Ó fi ìyá arúgbó kan sí yàrá ìfọṣọ nísàlẹ̀ ọkọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n gúnlẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń du ẹnu ọ̀nà, ìyá yìí gbé garawa kan, ó ní kí wọ́n yà fún òun. Kí ẹsẹ̀ kankan tó tẹ ilẹ̀ tuntun, ó da omi náà síbẹ̀, kí àwọn ìyá ìyá wọn lè kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó fi ránṣẹ́.

Kí wọ́n tó ṣíwọ́, èsì dé: “A gbà á. Ìyá afọṣọ yẹn pa wá lẹ́kún.” Igbe tó ké mú kí àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ sáré wá. Wọ́n gbá a mọ́ra, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Ọṣẹ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n wá kọjú sí i.

“Ìyá inú ọkọ̀ yẹn,” ni wọ́n wí, “ta ló kọ́ òun náà níṣẹ́?”

Ó tún fa pẹ́ńsù yọ létí. Kò mọ̀ ọ́n. Kò tíì mọ̀ ọ́n rárá, àìmọ̀ náà sì dùn mọ́ ọn ju èsì olóòtú lọ.