Igi Òwú Pupa Létí Omi Òkè-Àfà

"Abórìṣàdé! Agogo rẹ ń dún! Ṣé o sùn ni?"

Igbe Súbérù tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ni Abórìṣàdé gbọ́, kò gbọ́ agogo tó so mọ́ okùn ìwọ̀. Kó tó yíjú, ẹja ti wọ́ ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ lọ sínú omi Òkè-Àfà. Súbérù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, oorun ló gbé mi lọ."

Irọ́ ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti lò nídìí ẹ̀rọ ìhunṣọ n'Ísọlọ̀ látìgbà tó ti Ọ̀yọ́ dé, ariwo ẹ̀rọ náà sì ti ń di í létí díẹ̀díẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kan, kódà Tinúadé ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má baà lé e lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ ọjọ́ Sọ́ńdè létí omi yìí nìkan ni ara máa ń tù ú, kò sì fẹ́ kí etí gba ìyẹn náà lọ́wọ́ òun.

Ó ra ọ̀pá mìíràn. Ó kọ́kọ́ dán kọ́ọ̀kì ìgò wò, kó lè máa wo bó bá rì. Atẹ́gùn ń mi omi, kọ́ọ̀kì ń jó sókè sódò, kò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹja. Níbi iṣẹ́ ló ti rí igi kékeré kan tí wọ́n ti tú òwú ara rẹ̀ tán. Ó tọrọ rẹ̀, ó gé e kúrú kó má baà wúwo, ó sì kùn ún ní ọ̀dà pupa.

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ó fi í kọ́ ara okùn lábẹ́ ọ̀pá, ó ń rọ̀ dirodiro.

"Kí lo so kọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ yìí?" ni Súbérù bi í. "Ẹja ò lè fi ṣe ọ̀ṣọ́ o!"

Ojú Abórìṣàdé kò kúrò lára igi náà. Nígbà tó ṣe, igi náà rọra wálẹ̀. Okùn ti dẹ̀: ẹja ti gbé ìdẹ mì, ó ń lúwẹ̀ẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀! Ó fa ọ̀pá sókè, ọ̀pá tẹ̀ kọdọrọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé àwọ̀n!"

Súbérù sáré wọ omi dé orúnkún. Àwọn méjèèjì ló wọ́ ẹja àrọ̀ náà gòkè, ó tóbi bí itan àgbàlagbà. Abórìṣàdé fò sókè, ó ń pariwo bí ọmọdé. Gbogbo àwọn tó wà létí omi sáré wá wò ó.

"Agogo ì bá má dún rárá fún irú èyí," ni Súbérù wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Jọ̀ọ́, bá mi ṣe ọ̀kan."

"Mo máa ṣe é fún yín." Abórìṣàdé nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Ẹ̀gbọ́n, n ò sùn lọ́jọ́ yẹn. Etí mi ló ti ń di. Ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ ni."

Súbérù kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ sókè: "Ọ̀la, a jọ máa lọ bá ọ̀gá. Wọ́n ń wá èèyàn ní ilé ìkẹ́rù-sí, kò sí ariwo níbẹ̀."

"A jọ máa lọ, ẹ̀gbọ́n."

Abórìṣàdé di ẹja mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e kaná lónìí, ó fẹ́ kí Tinúadé gbọ́ ọ̀rọ̀ etí náà lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.