Àfọ́kù Ẹ̀gbà Tí Mo Dà Nù

Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí Dókítà Revaben ti ń wa òkìtì ìlú àtijọ́ tó wà lẹ́yìn abúlé wa ní Kutch, nílẹ̀ Íńdíà. Awalẹ̀pìtàn ni obìnrin náà. Ó ní ibí yìí gan-an ni wọ́n ti ń fi ìkarahun òkun ṣe ẹ̀gbà ọwọ́, ní ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọdún sẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní irọ́ ni, ńṣe ni wọ́n ń rà á wá. Lọ́dún yìí, lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì ìjọba: bí kò bá rí ibi iṣẹ́ náà di ọjọ́ Ẹtì, kó dí kòtò, kó máa lọ sílé.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó jókòó sétí kòtò, tíì ti tutù lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní fún èmi tí mò ń bá a sẹ́ erùpẹ̀:

"Jivi, bóyá àwọn ló tọ̀nà. Ibi iṣẹ́ ẹ̀gbà tí kò ní àfọ́kù ẹ̀gbà, ta ni yóò gbà á gbọ́?"

Èmi opó yìí ni mo mọ ibi tí àfọ́kù wà. Lọ́dọ̀ wa, bí ọkọ bá kú, wọ́n á fọ́ ẹ̀gbà mọ́ ìyàwó lọ́wọ́. Obìnrin tó lọ́kọ kì í sì í fọwọ́ kan àfọ́kù náà, kó má baà di opó. Nítorí náà, bí a bá ti rí i nínú asẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní, "Jivi, wá gbé ẹrù rẹ! Ìwọ ò lọ́kọ tí yóò tún kú." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi á gbàdúrà fún opó àtijọ́ náà, màá kó o lọ sórí erùpẹ̀ tí a ti dà nù. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ṣe bẹ́ẹ̀; àwọn opó mìíràn ló ń ṣe é kí ọkọ mi tó kú.

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́.

"Ọdún mẹ́sàn-án, Jivi?"

"Ẹ dárí jì mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀fọ̀ ni mo rò pé mò ń sin."

Ó gbé tíì sílẹ̀. "Dìde. Mú mi lọ síbẹ̀."

Mo fọwọ́ wa ìdí òkìtì erùpẹ̀ àdànù náà. Ilẹ̀, ọ̀gẹ́rẹ́ tí ń fọkọ́ yẹrí, o gba tọ̀tún, o gba tòsì, o kò jẹ nǹkan kan nínú rẹ̀! Funfun ń tú jáde bí eyín ọmọdé. Dókítà gbé ẹyọ kan sókè sí oòrùn.

Puribai, àgbà wa, tó ti fọ́ ẹ̀gbà mọ́ ọ̀pọ̀ opó lọ́wọ́, kígbe lókèèrè: "Dókítà, ẹ jù ú sílẹ̀! Ẹ ní ọkọ nílé!"

"Ìyá, ẹ wá wò ó. Ṣé bí ẹ̀gbà tí ẹ máa ń fọ́ ṣe ń rí nìyí?"

Puribai bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó fi ìborí di ọwọ́ méjèèjì kó má baà kàn án. "Rárá o. Ayùn ló rẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ ṣì rí págunpàgun. Obìnrin kankan ò wọ èyí rí."

"Ẹnikẹ́ni ò sunkún lórí rẹ̀," ni Dókítà wí. "Ọwọ́ oníṣẹ́ ló yẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó mú òmíràn. Jivi, igun wo nínú kòtò ni wọ́n ti ń jáde?"

"Ìhà ìlà oòrùn."

Mo fi èékánná tọ ipa ayùn náà lára rẹ̀. Ó tín-ín-rín bí irun. Ẹni tó fa ayùn náà ti di erùpẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ abúlé wa lórúkọ, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti gbọ̀n ṣì wà níbẹ̀. Ọba tó dá ọwọ́ ènìyàn, mo ṣèbà.

Puribai tú ìborí, ó so ó mọ́ ìbàdí, ó gbé ọkọ́. "Ẹ̀yin olọ́kọ, kí lẹ ń wò? Àbí Jivi nìkan ló lọ́wọ́?"

Kí oòrùn tó wọ̀, a kan ilẹ̀ ibi iṣẹ́ náà: ìyẹ̀fun ìkarahun ní ìpele, ọlọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ibi tí ìdí ènìyàn ti jókòó títí ilẹ̀ fi jin.

Ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn ará ọ́fíìsì dé pẹ̀lú ìwé pé kí a dí kòtò. Wọ́n dúró létí kòtò, wọ́n wo ìsàlẹ̀. Ẹnìkan nínú wọn ká ìwé náà sápò, ó bọ́ bàtà kó tó sọ̀ kalẹ̀, àwọn yòókù náà sì bọ́ tiwọn.