Ọ̀rọ̀ Tí Ọmọba Sọ Láàárọ̀

Ikọ́ ni ẹ́ńjìnnì náà máa ń kọ́kọ́ wú. Gbù-kẹ̀, gbù-kẹ̀, a dákẹ́ bí ẹni tó ń ronú, lẹ́yìn náà a wá bú sí ariwo tó ń mú gbogbo fèrèsé ààfin gbọ̀n. Bàlúù kékeré tí ọba, bàbá wọn, kọ́kọ́ rà nìyẹn. Àwọn ọmọ ọba méjèèjì a sáré jáde wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n a fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí àbúrò, a gbàgbé etí tirẹ̀, a sì máa rẹ́rìn-ín nínú ariwo.

Ohun tí Ọmọba, àbúrò yẹn, ń gbọ́ lọ́kàn nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, nítorí pé ìta dákẹ́ rọ́rọ́. Kùrukùru ti gbé pápá bàlúù mì. Òkè kùrukùru yẹn sì ni Kábíyèsí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wà nínú bàlúù.

Bàlúù kékeré yẹn ló sọ Ọmọba di ohun tó dà. Ẹ̀gbọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó sórí ìtẹ́. Àbúrò kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa bàlúù. Nígbà tí ewú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀, wọ́n bọ́ aṣọ awakọ̀ lára rẹ̀, wọ́n fi í ṣe ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ bàlúù ìjọba. Síbẹ̀ kò yéé lọ wo àwọn ẹ́ńjìnnì, kì í sì í wọ ìpàdé láìsí òórùn epo lára rẹ̀. Àwọn awakọ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní Ọmọba Elépo. Ó fẹ́ràn orúkọ yẹn ju oyè lọ.

Ó wọ yàrá tí wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn bàlúù. Obìnrin tó ń bá àwọn awakọ̀ sọ̀rọ̀, Ìyá Rédíò, ti fa àga mọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ tímọ́tímọ́.

"Awakọ̀ Kábíyèsí gbìyànjú láti balẹ̀, sà. Kò rí ilẹ̀, ó bá tún gbéra sókè. Ó ní òun tún ń padà bọ̀."

"Ó tún ń padà bọ̀ wá ṣe kí ni? Ṣé ojú ọ̀run ò mọ́ ní pápá kejì ni?"

"Ó mọ́ kedere, sà."

"Ṣé epo ò tó ni?"

"Epo tó máa gbé e débẹ̀ wà."

"Kí ló wá ń ṣe é? Ọ̀pá kì í ṣe òmùgọ̀!"

Ọ̀pá ni awakọ̀ tó gbé Kábíyèsí, ọkùnrin gíga kan tí kò sí ilẹ̀kùn tí kì í tẹ̀ríba fún. Ọmọba fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́.

Ìyá Rédíò ò gbójú sókè. "Ẹ̀yin lẹ pè é láàárọ̀, sà. Ẹ ní bó ti wù kó rí, Kábíyèsí ò gbọdọ̀ pẹ́."

"Èmi? Mo kàn..." Ó rántí. Tíì ló ń mu lọ́wọ́ nígbà tó gbé fóònù yẹn. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. "Eré ni mo fi ṣe."

"Ọmọba," obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ bíi ti ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, "ta ló tó mọ ìgbà tí ẹ̀yin bá ń ṣeré?"

Àyà rẹ̀ já.

"Pè é. Sọ fún un kó má balẹ̀."

Ó pè é. Rédíò ń hó ṣáá, kò sí ohùn èèyàn níbẹ̀. "Kò gbọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Á jáde lójú ẹ̀rọ tó wà níwájú rẹ̀. Lórúkọ ta ni ká fi í ránṣẹ́, sà?"

Ìgbà yẹn ni akọ̀wé ààfin, tó ti jókòó sí kọ̀rọ̀ láti àárọ̀, dìde.

"Ẹ rọra o, Ọmọba. Kábíyèsí fúnra wọn ló fẹ́ balẹ̀ síbí. Àwọn àlejò ti ń dúró dè wọ́n. Ẹ rántí ọ̀gá tó wà lórí àga yín tẹ́lẹ̀, tó dá Kábíyèsí dúró. Ibo ló wà lónìí?"

"Nílé. Ó ń sin adìyẹ."

"Adìyẹ náà ò tiẹ̀ kà á sí." Akọ̀wé sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa dá yín lẹ́bi. Awakọ̀ ló ń wakọ̀. Kábíyèsí ò sì ní àrólé míì jù yín lọ." Ó wá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, bí wọ́n ṣe ń wo ẹni tí wọ́n fẹ́ ran aṣọ tuntun fún.

Ẹ̀rù tòótọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dé ni. Èyí tó ti ń bà á tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù kùrukùru ni, ẹ̀rù irin àti ilẹ̀. Èyí tó dé báyìí, inú ara rẹ̀ ló ti wá. Èrò kan kọjá lọ́kàn rẹ̀, kò pẹ́ ju bí ejò ṣe ń gba ojú ọ̀nà kọjá lọ, ṣùgbọ́n ó rí i: ó rí ara rẹ̀ lórí ìtẹ́. Kò ní í ti ẹnikẹ́ni ṣubú. Kó ṣáà ti dákẹ́. Láti kékeré ló kúkú ti ń dákẹ́, níwájú bàbá rẹ̀, níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí wọ́n ń yìn ín pé ọmọ tó gbọ́n ni. Ó wá yé e pé bí ọ̀rọ̀ eré rẹ̀ bá lè dá bàlúù padà sínú kùrukùru, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ náà kì í ṣe ohun tó ṣófo.

"Ó ti yí imú bàlúù padà o!" Ìyá Rédíò kígbe. "Ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ọmọba!"

"Dìde fún mi."

Ó jókòó. Ó ń tẹ̀, ó ń ṣì í tẹ̀, ó ń pa á rẹ́. Òógùn wọ ojú rẹ̀.

"Ẹ má forúkọ yín sí i o!" akọ̀wé wí. "Ààfin á kà á!"

Ó fi í ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ìdáhùn Ọ̀pá jáde lójú ẹ̀rọ: *Mo ti rí i, ọ̀gá. Mo ń lọ sí pápá kejì.* Fóònù akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í dún lápò rẹ̀, kò gbé e. Ìyá Rédíò na ọrùn lẹ́yìn Ọmọba, ó ń fi ohùn jẹ́jẹ́ ka ohun tí Ọmọba tẹ̀:

*Ọ̀pá, má balẹ̀ síbí. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ láàárọ̀, eré ni. Pápá kejì ni kó o lọ. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì kọ́. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá bínú, sọ fún wọn pé kí wọ́n délé wá bá mi jà.*