Ìwé Tó Wà Lọ́wọ́ Kádínà

Bàbá Diamante, ayàwòrán bíi tirẹ̀, ló kìlọ̀ fún un kó tó kú pé: "Bí o bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹni ńlá, jẹ́ kí ojú ẹ̀ tí ò ń yà parí ná. Ẹni tó bá ń wo ẹwà ara ẹ̀ kì í ṣahun." Ìdí nìyẹn tí Diamante fi panu mọ́ fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko níwájú Kádínà Vannozzi, alákòóso ìlú Bologna, tó ń ya àwòrán rẹ̀, nígbà tí Ercole, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, ń jìyà lẹ́wọ̀n Bologna nítorí ìwé èébú tó lẹ̀ mọ́ ògiri ààfin Kádínà yìí kan náà.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ojú Kádínà parí nínú àwòrán náà. Diamante ti dín ẹran ọrùn rẹ̀ kù díẹ̀, irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Kádínà dìde wá wò ó, inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn.

"Fulgenzio, wá wò ó! Ṣé mo rẹwà tó báyìí ni?"

"Ẹ tiẹ̀ rẹwà jù bẹ́ẹ̀ lọ, olúwa mi," akọ̀wé rẹ̀ dáhùn. Irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ló fi ń jẹun.

Diamante kúnlẹ̀. "Olúwa mi, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo..."

"Dìde, ọmọ mi. Ọwọ́ mi ṣófo nínú àwòrán yìí. Gbogbo kádínà ló ń mú ìwé dání, káráyé lè mọ̀ pé à ń ṣiṣẹ́." Ó fa ìwé kan yọ lórí tábìlì láìwò ó. "Èyí náà dáa. Kí ohun tó wà nínú ẹ̀ hàn ketekete o."

Diamante gbà á. Orúkọ Ercole ló kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ló rí àṣẹ Kádínà pé kí wọ́n yẹgi fún un.

"Olúwa mi, àbúrò mi rèé! Ẹ ṣàánú mi, ẹ jọ̀ọ́!"

Kádínà yíjú sí Fulgenzio. Fulgenzio wolẹ̀. "Wọ́n ti yẹgi fún un láàárọ̀ yìí, olúwa mi."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Háà, ó mà ṣe o," ni Kádínà wí, ó sì dùn ún lóòótọ́, fúngbà díẹ̀. "Kí ló dé tóò lanu látijọ́ yìí? Ká ní o sọ ọ́ lánàá ni, ǹ bá ti fà á ya."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìwé mìíràn dání."

"Òǹtẹ̀ tara eléyìí ló dáa jù." Ó jókòó, ó tún aṣọ pupa rẹ̀ ṣe, ó gbé ìwé náà sókè. "Ṣé báyìí? Yára, oòrùn ń lọ."

Ta ni Diamante fẹ́ fẹjọ́ Kádínà sùn? Ó mú búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù, ó kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ sínú àwòrán náà, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá, ohun tí kò sì lè dárí ẹ̀ ji ara rẹ̀ títí ayé nìyẹn.