Oṣù Mẹ́ta Tí Bàbá San Sílẹ̀

Àwọn ará ilé Dykhuizen kì í jẹ́ kí gbèsè pé ọjọ́ lọ́rùn wọn. Bí wọ́n bá ní kí Gerrit Dykhuizen wá san owó katakata lọ́jọ́ Fúráídè, láti Túsìdeè ló ti máa wà ní báńkì, á jókòó, á gbé fìlà lé orúnkún, á sì máa wo akọ̀wé lójú títí akọ̀wé á fi máa rò pé òun gan-an lòun jẹ bàbá náà lówó. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn ní apá ìwọ̀-oòrùn Iowa, láàárín àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó ti ilẹ̀ Holland wá. Aládùúgbò rẹ lè gbàgbé ọjọ́ ìbí rẹ, kò ní gbàgbé ọjọ́ tí owó rẹ yẹ ní sísan.

Marlys, ọmọ kan ṣoṣo tí Gerrit bí, ni ẹni àkọ́kọ́ nínú ẹbí náà tó jẹ gbèsè láìní oko tàbí màlúù tó lè nawọ́ sí pé ohun tí òun fi owó rà nìyí. Ìwé ló fi kà. Ó kà á títí ó fi gba oyè kejì nínú ìmọ̀ bí a ṣe ń ran ẹni tí ayé sú lọ́wọ́, ó sì padà wálé wá ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó tí ìjọba ìbílẹ̀ ń bójú tó. Òun ló máa ń jókòó ti àwọn tí ọmọ wọn kì í wá wò, òun náà ló sì máa ń pe àwọn ọmọ ọ̀hún lórí fóònù, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí kò bá ohun tó wà nínú ikùn rẹ̀ mu rárá. Owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀ ti ṣe ìlérí fún irú wọn pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ìlú, tó sì ń san gbèsè ilé-ìwé rẹ̀ lóṣooṣù, tó bá ti san án nígbà ọgọ́fà, wọn á dárí ìyókù jì í. Ìyókù ti Marlys lé ní ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún dọ́là.

“Ìdáríjì,” Gerrit wí nígbà tó kọ́kọ́ gbọ́. “Ta lo ṣẹ̀?”

“Mi ò ṣẹ ẹnikẹ́ni, Bàbá. Orúkọ tí wọ́n ń pè é nìyẹn.”

“O ò ṣẹ̀, o sì fẹ́ gba ìdáríjì. Má jẹ́ kí pásítọ̀ gbọ́.”

Ọdún ń gorí ọdún. Gerrit darúgbó, orúnkún rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó ta ilẹ̀ rẹ̀, ó sì kó wá sí ilé àwọn arúgbó níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ràn ibẹ̀ torí pé fèrèsé yàrá rẹ̀ kọjú sí títì, ó sì lè máa wo oko olóko kó máa rí àléébù níbẹ̀.

Ìgbà tó di ọdún kẹwàá tí Marlys ti ń san gbèsè, ìjọba ìbílẹ̀ kéde pé òun ti ta ilé náà fún ilé-iṣẹ́ aládàáni kan. Ọjọ́ kìíní oṣù keje ni wọn á gbà á. Àwọn òṣìṣẹ́ sunkún. Marlys kò sunkún, nítorí pé nínú ìṣirò rẹ̀, oṣù kẹfà ni ọgọ́fà òun pé, ẹni tó bá sì wù kó ra ilé lẹ́yìn ìyẹn, kò kan òun. Ó kàn pe àwọn tó ń gba gbèsè náà lórí fóònù kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Corliss ló gbé e.

“Mẹ́tàdínlọ́gọ́fà lẹ ti san, mà.”

“Ọgọ́fà ló yẹ kó jẹ́ pẹ̀lú èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ san lóṣù yìí. Mi ò jẹ oṣù kankan rí.”

“Òótọ́ ni, mà. Ẹ tiẹ̀ san ju bó ṣe yẹ lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.”

Corliss ṣàlàyé fún un. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni owó ńlá kan ti ṣàdédé wọlé lé owó tí Marlys ń san. Nígbà tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà wọn rí i, ó ní ó dáa, obìnrin yìí ti san ti oṣù tó ń bọ̀ sílẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé lóṣù tó ń bọ̀ kò jẹ nǹkan kan. Oṣù tí èèyàn ò sì jẹ nǹkan kan, wọn ò lè kà á mọ́ oṣù tó san gbèsè.

“Ṣùgbọ́n mo sanwó láwọn oṣù yẹn náà.”

“Ẹ san án, mà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀rọ kà á sí pé ó kàn wù yín ni.”

“Owó ńlá tí ẹ ń wí yẹn, èmi kọ́ ni mo san án.”

“Lóòótọ́, orúkọ míì ló wà níbí. G. Dykhuizen. Oṣù kọkànlá ni lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé ọkọ yín ni?”

Oṣù kọkànlá ni wọ́n máa ń ta àgbàdo. Marlys mú fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó tún gbé e padà.

“Bàbá mi ni.”

“Èèyàn dáadáa ni wọ́n,” Corliss wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” Marlys dáhùn. “Òun gan-an ni ìṣòro náà.”

Kò sí bí wọ́n ṣe lè yí i padà. Ó ku oṣù mẹ́ta. Kó sì tó lè kà, lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ti gbọ́dọ̀ san wọ́n, iṣẹ́ tó gba ọgbọ̀n wákàtí ó kéré tán lọ́sẹ̀. Bí Marlys bá dúró ti àwọn arúgbó rẹ̀ lábẹ́ aládàáni, ó lè san án títí òun náà á fi di ọ̀kan nínú wọn, kò ní kún nǹkan kan. Inú bí i gidi. Ó bínú sí ẹ̀rọ, ó bínú sí ìjọba, ó bínú sí àgbàdo. Bàbá rẹ̀ ni kò mọ bí òun ṣe lè bínú sí, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

Kò sọ fún un. Ó wá iṣẹ́ lọ. Ilé-ìwé ti wà ní ìsinmi, akọ̀wé kóòtù ti ní òun ò ní fẹ̀yìn tì láéláé. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ náà kò ní ju àyè kan ṣoṣo lọ, ní ẹ̀ka tó ń bójú tó títì, níbi tí wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò máa fi katakata gé koríko etí ọ̀nà. Verlyn Hoksbergen ni ọ̀gá ibẹ̀.

“Ṣé o ti wa katakata rí?”

“Ọmọ Gerrit Dykhuizen ni mí, sà.”

“Mo mọ ọmọ ẹni tó o jẹ́. Ohun tí mo bi ẹ́ kọ́ nìyẹn.”

“Mo ti ń wà á láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.”

Verlyn yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wò síwá sẹ́yìn. “Oyè kejì. Kí lo fi ń ṣe?”

“Láti máa bá àwọn tí ọkàn wọn bàjẹ́ sọ̀rọ̀ ni, sà.”

“Ó dáa. Arnie wà lọ́hùn-ún. Ìyàwó ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ ni.”

Báyìí ni Marlys ṣe di agékoríko. Arnie sọ ọ́ ní Ọ̀mọ̀wé lọ́jọ́ kìíní, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Oòrùn sun ún ní apá òsì, kò sun ún ní apá ọ̀tún. Àwọn àgbẹ̀ tó ń wakọ̀ kọjá ń na ìka kan sókè lórí ìdarí ọkọ̀ láti kí i, bí wọ́n ṣe ń kí gbogbo èèyàn, wọ́n á wá rí i pé Marlys ni, wọ́n á sì yára ká ìka náà padà bí ẹni tó ṣèèṣì rí ìhòòhò. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rò pé wọ́n lé e níbi iṣẹ́ ni. Wọ́n ń gbé àwo ànàmọ́ tí wọ́n da wàràkàṣì lé lórí wá fún un, wọn kò sì bi í ní nǹkan kan, èyí tó túmọ̀ sí pé wọ́n ti sọ ọ́ tán láàárín ara wọn.

Oṣù keje lọ. Ó san ti oṣù náà lọ́jọ́ tó pé gan-an, bí Corliss ṣe kọ́ ọ. Oṣù kẹjọ wọlé, iṣẹ́ sì gbé e dé títì tó wà níwájú fèrèsé bàbá rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó wọlé lọ kí i pẹ̀lú koríko nínú irun.

“O fi díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá òpó yẹn,” Gerrit wí.

“Mo rí i, Bàbá.”

“Kí lo ṣe tí wọ́n fi lé ẹ kúrò níbí?”

“Wọn ò lé mi. Gbèsè ilé-ìwé mi ló ku oṣù mẹ́ta, iṣẹ́ ìjọba ni mo sì gbọ́dọ̀ fi parí ẹ̀.”

“Mo ti sọ fún ẹ. Ká ní o gbọ́ tèmi, kó o máa san án kó tó pé, ò bá ti bọ́ nínú ẹ̀ tipẹ́.”

Ọ̀sẹ̀ tí Marlys ti fi pa ẹnu mọ́ kò kéré. Bóyá òógùn ni, bóyá eruku ni.

“Ẹ̀yin lẹ san án kó tó pé, Bàbá.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un: oṣù kọkànlá, ẹ̀rọ, oṣù tí kò jẹ nǹkan kan. Gerrit gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wo títì.

“Mo rò pé mò ń ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni.”

“Mo mọ̀.”

“Mi ò jẹ́ kó o mọ̀ torí kó o má bàa máa dúpẹ́.”

“Mo mọ̀, Bàbá.”

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Marlys dé, bàbá rẹ̀ ò sí ní yàrá. Ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nídìí fóònù ilé, ó dúró ṣánṣán bí ẹni tó wà níwájú adájọ́. Marlys dúró lẹ́yìn ògiri.

“Mo fẹ́ gba owó tí mo san padà ni,” ó ń wí. “Rárá, mà, mi ò nílò owó kankan. Mo fẹ́ kó jẹ gbèsè ni. Ọmọ mi. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá gbèsè oṣù mẹ́ta yẹn padà sí i lọ́rùn.” Ó tẹ́tí fún ìgbà pípẹ́. “Ẹ ṣeun, mà.”

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó yíjú, ó rí ọmọ rẹ̀.

“Wọ́n ní kò ṣeé ṣe. Obìnrin náà ní èèyàn dáadáa ni mí.” Bí ẹni tí wọ́n bú ló ṣe sọ ọ́.

Gbogbo ìgbésí ayé Marlys, kò gbọ́ ọ rí kí bàbá rẹ̀ béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ ju ọjọ́ tó gbọ́ mẹ́tàdínlọ́gọ́fà lọ. Ó gbá a lápá mú, wọ́n sì rìn padà sí yàrá.

Owó tó kẹ́yìn nínú ti oṣù mẹ́ta náà pé ní sísan ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án. Sọ́ńdè ni. Ẹni tí kò bá mọ Gerrit lè ní kí ló wá burú níbẹ̀. Gerrit kì í ná kọ́bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Lọ́dún kan, yìnyín ń bọ̀ wá já lu oko, gbogbo ènìyàn rí i lójú ọ̀run, kò jáde lọ kórè, ó jókòó sínú ilé ó sì jẹ́ kó run àgbàdo rẹ̀ nítorí pé Sọ́ńdè ni. Marlys kò ka ọ̀rọ̀ náà sí tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò dán an wò lójú bàbá rẹ̀ rí. Ó ti pinnu pé inú mọ́tò lòun á ti san án.

Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Gerrit kò tíì tú táì ọrùn rẹ̀.

“Ṣé o ti san án?”

“Mò ń lọ sínú mọ́tò ni.”

“Kí ló wà nínú mọ́tò?”

“Sọ́ńdè ni, Bàbá.”

“Mo mọ̀. Ìwàásù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ gùn ju kí n gbàgbé lọ.” Ó ronú díẹ̀. “Kò ṣeé san lọ́la?”

“Wọ́n ní ó ṣeé ṣe. Àmọ́ mi ò gba ohun tí wọ́n bá ní gbọ́ mọ́.”

Gerrit dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó fa aṣọ fèrèsé bo títì. Ó tún jókòó, ó sì na ọwọ́.

“Mú un wá.”

Marlys ṣí ojúewé náà lórí fóònù rẹ̀, ó kọ iye owó sí i. “Ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ fúnra mi, Bàbá. Kó má baà jẹ́ ẹ̀yin.”

“Ìwọ ti san tìẹ tán tipẹ́. Èmi ni mo jẹ ẹ́ lóṣù mẹ́ta.”

Ó fi ìka rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìka náà nípọn, iṣẹ́ oko ti sọ ọ́ di igi gbígbẹ, fóònù ò sì ṣe bí ẹni pé ẹnì kan fọwọ́ kàn án. Ó dúró díẹ̀, ó gbé ìka sókè láti tún un tẹ̀.

“Ẹ má tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì,” Marlys wí, ó sì di ọwọ́ náà mú.

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ bàbá nínú ọwọ́ ọmọ, wọ́n ń wo nǹkan kékeré kan tó ń yí lójú fóònù. Ó yí títí. Marlys kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀, Gerrit ò sì fà á gbà. Nígbà tó yá, ojú fóònù funfun, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn dúpẹ́.

“Ó ti wọlé?”

“Ó ti wọlé.”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré?”

“Ẹ̀ẹ̀kan péré, Bàbá. Ó ti pé.”

Gerrit mí kanlẹ̀. Ojú rẹ̀ ti kún, ó sì jẹ́ kó kún.

“Ṣí aṣọ fèrèsé yẹn,” ó wí, “kí wọ́n má baà rò pé à ń ṣe nǹkan burúkú níbí.”